Ìpè Kẹta

Teta Inshirah kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń wá ọ nínú ilé, yóò dìde tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, yóò wọ́ ẹsẹ̀ láti ilé ìdáná dé yàrá, yóò fi ìka kàn ọ́ léjìká, yóò ní, "Ìwọ, wá." Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ní òpópónà lo wà, yóò yọrí lójú fèrèsé, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ẹni tí kò mọ àtẹ́wọ́ náà ní àdúgbò wọn ní Rashid, létí odò Náílì ní Íjíbítì. Ẹlẹ́ja tó ń kọjá mọ̀ ọ́n, ajá àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n, kódà ìmáàmù mọ̀ ọ́n.

Rawya, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti pé ẹni ọdún méjìlélógún. Ọdún mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ ló ti fi gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń pè ní Teta, láti ìgbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ ń ṣe olùkọ́ ní Kuwait. Kò gbọ́ "Rawya" lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń rò pé ìyá àgbà kò fẹ́ràn orúkọ náà ni, ó sì dùn ún. Nígbà tó dàgbà, ó kà á sí àṣà àgbàlagbà, ó sì gbàgbé pé ó ti dun òun rí. Kò sí ohun tí kì í mọ́ ènìyàn lára.

Ọ̀rọ̀ Rawya lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń sọ yìí ju ti orúkọ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ sinimá kan ní Kairo ló ń fẹ́ wọ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé yan fíìmù kan tó fẹ́ràn, kí ó kọ ohun tó rí nínú rẹ̀ ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó lù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá a padà. Ọdún yìí ni ìkẹyìn, nítorí ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìlélógún, wọn kì í gbà á mọ́. Lẹ́yìn èyí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ alágbèéká àbúrò ìyá rẹ̀ ló kù, níbi tí yóò ti máa ta káàdì títí ọkọ yóò fi dé. Nínú èsì tí wọ́n fún un lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan fi gègé kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀: "O mọ fíìmù wò, ṣùgbọ́n a kò rí ọ nínú ohun tí o kọ." Gbólóhùn yẹn ti bá a sùn, ó ti bá a jí, fún oṣù mọ́kànlá gbáko.

Fíìmù tó yàn ni *Fìtílà Ìkẹyìn*. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó wálé fún ìsinmi, fi hàn án nínú tẹlifíṣàn, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé. Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú àti funfun, wọ́n sì gbé ìtàn rẹ̀ sí ayé àwọn Mámlúkù tó jọba ní Íjíbítì nígbà kan. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Yasin, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tan fìtílà létí odò Náílì láti ààfin títí dé ibi tí ilé parí sí. Obìnrin kan sì wà nínú omi tí ó ń wò ó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Yasin bá ti tan fìtílà tó kẹ́yìn, tó kẹ̀yìn sí i, obìnrin náà á na ọwọ́ tútù láti inú odò, á pa fìtílà náà, kí ọkùnrin náà lè padà wá. Òun ni àwọn ará wa ń pè ní Olùpè.

Kí ọmọ Rashid tó mọ bàtà wọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ nípa Olùpè. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́bàá omi, má dáhùn; ẹni tó bá dá Olùpè lóhùn, omi á gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Olùpè lè pe ènìyàn, ẹnu rẹ̀ kò gba ìkẹta. Ẹlẹ́ran ara nìkan ló ń pe ìkẹta. Nítorí náà, dúró, di ẹnu rẹ mú, kí o tó sọ pé "Náàmù" fún ẹni tí o kò rí. Mo ti rí ọ̀gá ilé-ìfowópamọ́ kan tó wọ kóòtù tó dúró bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bá odò, tó ń retí ìkẹta, ìyàwó rẹ̀ sì ni ó ń pè é fún oúnjẹ.

Ní òpin fíìmù náà ni Olùpè ti pinnu pé òun yóò pe ìkẹta. Bí ó bá pè é, yóò di ènìyàn, odò kò sì ní gbà á mọ́. Ó pe Yasin lẹ́ẹ̀kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu fún ìkẹta, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Ìdákẹ́jẹ́ ni, tí ó tó kíkà mẹ́sàn-án. Rawya ti kà á, kò mọ iye ìgbà. Yasin yíjú padà, ó gbé iná rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rìn wọ inú omi. Fìtílà kan ṣoṣo ló ń jó létí odò títí fíìmù fi parí.

Lórí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Rawya kọ́ gbogbo àròkọ rẹ̀ lé. Àwọn ọ̀mọ̀wé Kairo náà ti yìn ín tẹ́lẹ̀, wọ́n ní olùdarí fíìmù náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Rawya gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀. Ó fẹ́ kà á sókè kí etí rẹ̀ lè bá a mú ibi tí gbólóhùn ti ń tiro. Teta jókòó sórí àga gígùn, ó gbé àwo ìrẹsì lé itan, ó ń ṣa òkúta.

"Teta, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Ṣé ó gùn?"

"Kò gùn."

"Ohun tó o sọ nípa ìbátan ẹ tó fẹ́ wá kí wa náà nìyẹn, oṣù kan ló lò. Kà á. Bí mo bá sùn, má jí mi."

Rawya kò sọ orúkọ fíìmù náà fún un tẹ́lẹ̀, ó sì nídìí. Bí *Fìtílà Ìkẹyìn* bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn, Teta a máa gun òrùlé lọ kó aṣọ, ìbáà jẹ́ pé aṣọ kò sí lókùn. Rawya rò pé ìyá àgbà kò fẹ́ràn sinimá ni. Ṣùgbọ́n lónìí àwo ìrẹsì wà lórí itan rẹ̀, orúnkún sì ń ro ó, ibo ni yóò sá gbà? Bí ọmọbìnrin náà ṣe ka orúkọ fíìmù náà jáde báyìí, ọwọ́ Teta dúró nínú ìrẹsì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta, ṣùgbọ́n kò mú òkúta kankan jáde mọ́.

Rawya ń kà lọ. Ó ka ti ojú ọjọ́, ó ka ti òjìji ọkùnrin náà lára ògiri ààfin, ó dé ibi aṣọ.

"'Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n rán sí etí aṣọ Olùpè ń dán bí ìgbà tí omi kò tíì gbẹ lára rẹ̀, wíwò lásán la ó fi mọ̀ pé...'"

"Ìlẹ̀kẹ̀ dígí kọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ dígí kọ́. Ipẹ́ ẹja ni."

Rawya rẹ́rìn-ín. "Teta, ipẹ́ ẹja báwo?"

"Ipẹ́ ẹja búúrì. Láti Rashid níbí la ti kó o lọ, nínú agolo mẹ́ta, a fọ̀ ọ́, a sá a sóòrùn, a rán an lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ wọ́n nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n tan iná ńlá ńlá yẹn sí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Òṣèrébìnrin náà ń bú wa láti àárọ̀ dalẹ́. Bó o bá rí i tí ó fajú ro nínú fíìmù, ìbànújẹ́ ìfẹ́ kọ́ o. Ẹja ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ọwọ́ mi yìí ló rán an."

Rawya mọ̀ pé ìyá àgbà ti ránṣọ ní Kairo rí, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan, kí ó tó bí bàbá òun. Ohun tí ó mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ wú. Ó fẹ́ béèrè nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Teta fi ìka tọ́ka sí kọ̀ǹpútà.

"Kà á parí. Kà á dé ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ nípa ẹ̀."

Kò sọ nípa kí ni. Rawya kà á dé ìsàlẹ̀. "'Olùdarí yìí mọ̀ pé ìfẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ kò ní ohùn. Ó gba ohùn lẹ́nu Olùpè nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ jù. Nínú gbogbo sinimá ilẹ̀ wa, n kò mọ ọgbọ́n tó ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.'"

"Ìtìjú ni," ni Teta wí.

"Ẹn-ẹ́n?"

"Kì í ṣe ọgbọ́n. Ìtìjú ni."

Ó gbé àwo ìrẹsì kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré bí ó ti máa ń kéré. Gbogbo ọjọ́ ayé Rawya, kò gbọ́ kí ohùn yẹn ga kọjá ohun tí ẹni tó wà nítòsí lè gbọ́.

"Òṣèrébìnrin yẹn, ọmọ Gíríìkì Alẹkisáńdíríà ni. Ó rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ wa. 'Yazin, Yazin,' ló ń sọ. Bí ẹni tó ń lé kòkòrò. Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò bá a fi ohùn sí i. Lọ́jọ́ kan mo wà lókè ilé iṣẹ́ wa, mo ń pe ẹni tó ń ta tíì nísàlẹ̀, ohùn mi sì wọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ohùn mi ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, ìwọ ọmọ yìí. Bí mo bá pe ènìyàn láti orí òrùlé ní Rashid, àwọn tó wà ní òdìkejì odò á ní náàmù."

"Ohùn yín," ni Rawya wí. Ohùn tí ó ti fẹ́ràn láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń bá a gbé nínú ilé, ó ń fi ìka kàn án léjìká.

"Olùdarí ní, 'Kí lorúkọ rẹ?' Mo ní Inshirah. Ó ní, 'Inshirah, pe Yasin.' Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀gá, ìyẹn ò le, Yasin lorúkọ ọkọ mi. Oṣù méjì péré la tíì ṣègbéyàwó, ó jẹ́ kí n wá parí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí mi. Mo di ojú, mo pe ọkọ mi bí mo ṣe máa ń pè é láti èbúté. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Olùdarí wá mú ìwé fún mi, ó ní ìkẹta rèé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni, 'Yasin, ìmọ́lẹ̀ ojú mi, wá bá mi.'"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Teta pọ́n, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

"Ìmọ́lẹ̀ ojú mi! Ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn ń mu sìgá. Ohun tí n kò tíì sọ fún ọkọ mi nínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n wá sọ ọ́ létí wọn? Mo ní rárá. Olùdarí bẹ̀ mí, ó pariwo mọ́ mi, ó tún bẹ̀ mí. Mo ní èébú ni, mi ò sọ ọ́. Mo gbé àpò mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Èmi ni mo gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò rí ẹlòmíì tí ohùn rẹ̀ bá tèmi mu, ọjọ́ ti lọ lórí wọn, wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀ ń pè ní ọgbọ́n."

Rawya fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì lè rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ìyá àgbà kò sí ní ibi ẹ̀rín.

"Mo sọ fún ara mi pé màá fi ìkẹta pamọ́ fún un. Pé màá sọ ọ́ fún un nílé, àwa méjèèjì nìkan. Mo délé, ojú ń tì mí. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo ní ó di Jímọ̀. Mo lóyún bàbá rẹ, mo ní ó di ìgbà tí mo bá bímọ."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ fíìmù náà dé Rashid, sí sinimá gbangba tó wà lẹ́yìn ọjà nígbà yẹn, tí wọ́n ti sọ di ilé ìtajà bẹ́ẹ̀dì ìyàwó báyìí. Yasin ti mọ̀ pé ohùn ìyàwó òun ni, òun nìkan ló sọ fún. Ó jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn apẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ hóró ẹ̀gúsí oníyọ̀, wọ́n ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Inshirah jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin.

"Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tí orí rẹ̀ gbé sókè. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó dìde dúró, ó fi gbogbo ẹnu dáhùn. 'Náàmù, ìyàwó! Mo wà níbí!' Gbogbo sinimá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, 'Jókòó, ìwọ òmùgọ̀, kó má gbé ọ lọ!' Òun náà ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó ń wá mi kiri láàárín èrò. Ìkẹta wá dé. Ìdákẹ́jẹ́. Gbogbo sinimá náà dákẹ́. Wọ́n ti rí i pé ó ti dáhùn, ìkẹta kò sì wá."

"Teta..."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìyá arúgbó kan jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ ara mi. Ó ní, 'Pè é. Pè é báyìí lẹ́ẹ̀kẹta, kó lè jẹ́ ènìyàn ló pè é. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́.' Mo la ẹnu. Gbogbo ìlú ló jókòó síbẹ̀. Bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀. Ojú tì mí. Ìtìjú pa mí lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́ kọkàndínlógójì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kan jáde lọ sí ẹnu odò, níbi tí Náílì ti ń wọ òkun, tí ìgbì kì í ti í fojú rere wo ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ló padà. Rawya mọ ìyẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ẹbí pé odò ló mú bàbá àgbà lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà wá sọ fún opó rẹ̀ lójú ilẹ̀kùn. Ó ní ìgbì kò tíì dé rárá. Ó ní Yasin ń fa okùn lọ́wọ́, ó sì ṣàdédé fi okùn sílẹ̀, ó yíjú sí omi bí ẹni tí wọ́n pè.

"Ẹyin lohùn," ni Teta wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ eré. Ẹyin ni. Méjì bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò rí wọn kó mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ tí mo bí, n kò pè é. Ìwọ... má rò pé n kò mọ orúkọ rẹ."

Ó ti kọjá aago mẹ́ta. Ẹ wá bá mi wo Rawya o. Ìyá àgbà rẹ̀ ń fi etí ìborùn nu ojú, bàbá àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kú lójú rẹ̀, ọkàn ọmọbìnrin náà sì ti sáré lọ sí ibòmíràn: ó ń ronú bí ìpínrọ̀ náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. *A kò rí ọ nínú ohun tí o kọ.* Wọn yóò rí i báyìí. Ta ló tún ní irú ìtàn yìí ní gbogbo Íjíbítì? Ara rẹ̀ gbóná fún ayọ̀, lẹ́yìn náà ni ojú tì í débi pé ó pa kọ̀ǹpútà náà dé.

Àgbà ti rí i. "Mo mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Teta, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Òṣìṣẹ́ ni ẹ́. Olùdarí yẹn náà, nígbà tí mo ń sunkún níwájú ẹ̀, ẹ̀rọ ló ń wò." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣí i. Fi hàn mí. N kò tíì wò ó láti ọjọ́ yẹn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìwọ ọmọ yìí, aago ń lọ."

Rawya fa aṣọ fèrèsé bo oòrùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí níwájú àga, ó sún fíìmù náà síwájú dé ibi ìkẹyìn, ó sì jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀. Etí odò náà fara hàn, fìtílà ń jó. Etí aṣọ Olùpè ń dán nínú omi. Teta ní, "Wò ó, agolo kejì nìyẹn."

Yasin, ni ohùn Inshirah ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún pè láti inú ẹ̀rọ.

Ó ga, ó mọ́, ó sì kún inú pálọ̀ kékeré náà débi pé ife tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù dún. Teta gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó fi í síbẹ̀.

Yasin.

Rawya mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé àfi àwọn méjèèjì. Síbẹ̀ ó rí i pé òun náà ń retí. Ìyá àgbà ti fa ara síwájú, ó dá etí sílẹ̀, bí ẹni tó wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tó ń wo orí kan láàárín èrò iwájú. Ẹni kankan kò dìde. Ẹni kankan kò rẹ́rìn-ín. Olùpè la ẹnu fún ìkẹta.

"Yasin," ni Teta pè.

Kì í ṣe ohùn kékeré tó ń gbé inú ilé. Ó ti gbó, ó ti ya létí, ṣùgbọ́n òun ni. Ohùn náà gba ojú fèrèsé jáde lọ sí odò.

"Yasin, ìmọ́lẹ̀ ojú mi, padà sílé!"

Ètè obìnrin inú fíìmù bá a mu. Rawya, tó ti wo ètè náà ní ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n, rí i tí "Yasin" wọ ibi tirẹ̀, tí "ìmọ́lẹ̀ ojú mi" sì wọ ibi tirẹ̀, kò sí ibi tó fì. Ìkẹyìn nìkan ni kò bá a mu. Ètè ń sọ pé "wá bá mi", ohùn ń sọ pé "padà sílé."

Ọkùnrin inú fíìmù yíjú padà. Ó gbé iná rẹ̀ sílẹ̀, bí ó ti máa ń gbé e sílẹ̀. Ó sì rìn wọ inú omi. Sinimá kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Teta wò ó títí omi fi bò ó lórí. Ó wo fìtílà títí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn. Rawya di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù.

"Ó ti lọ," ni Teta wí. Ó tún ní, "Ó gbọ́ ìkẹta ṣáá."

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí Rawya dìde. Ó ní òun yóò fi àròkọ náà ránṣẹ́ bí ó ṣe wà, pé òun kò ní fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Òtítọ́ ló sọ. Ó ti gbà pé ṣọ́ọ̀bù káàdì ni kádàrá òun.

"Ta ló ní kó o má fọwọ́ kàn án?" Teta ti tún gbé àwo ìrẹsì sórí itan. "Kí wọ́n tún máa ka irọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí? Orúkọ ọkọ mi ni kó o má kọ. Jẹ́ kí òun sinmi. Tèmi, kọ ọ́. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń fi fíìmù yẹn hàn, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń gbé àga síbẹ̀, wọn ò kọ tèmi."

Rawya wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pa ìpínrọ̀ ìkẹyìn rẹ́ pátápátá. Ó kọ ọ́ pé olóhùn Olùpè ni Inshirah, aránṣọ, ọmọ Rashid, tí ó tún rán ipẹ́ ẹja sí etí aṣọ náà. Ó kọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ tí gbogbo wa ń yìn jẹ́ ti ìyàwó kan tí ojú ń tì, àti pé òun ti wà nínú ìdákẹ́jẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò sì mọ̀, nítorí ẹni tó ni ohùn yẹn ló tọ́ òun dàgbà, kò sì pe orúkọ òun rí. Nígbà tó kọ gbólóhùn yìí ni ó rántí pé ó ti dun òun rí nígbà kékeré. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, àròkọ náà sì lọ.

Ó jókòó síbẹ̀ láìtan iná. Oòrùn ti ń wọ̀, atẹ́gùn odò ń gbé aṣọ fèrèsé sókè, ó ń jù ú sílẹ̀. Kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á tàbí wọn kò ní gbà á, kò sì lè mọ̀ fún oṣù méjì.

"Rawya."

Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Kò dá a lójú ibi tí ó ti wá, bóyá láti ilé ìdáná ni, bóyá láti ìhà odò. Kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ohùn yẹn rí, àfi bí ó bá jẹ́ lójú àlá.

"Rawya."

Ó ti dìde dúró. Ó ti la ẹnu, ó sì pa á dé, nítorí ọmọ Rashid ni. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ń kà á nínú ọkàn rẹ̀ bí ó ṣe máa ń kà á níwájú fíìmù, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó dé márùn-ún. Ó dé méje. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń bẹ Ọlọ́run. Ó dé mẹ́sàn-án, ilé sì pa rọ́rọ́.

"Rawya, ìmọ́lẹ̀ ojú mi, ìrẹsì ti ń tutù!"

"Náàmù, Teta," ni ó wí. "Mo ń bọ̀."